Ta Ní Ṣáájú Ta? Ipò, Ìjà àti Ìfìyàjẹ Láàárín Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Ilé

Ní Ẹdúnàbọ̀n tí mò ń gbé, bí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn pẹ́pẹ́yẹ kan bá ti ń já, tí àwọn yòókù sì ń lé e káàkiri, ọjọ́ ọjà tó bá kàn ni wọ́n máa ń tà á. Wọ́n á ní kò lágbára, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá tà á tán, kò ní í pẹ́ tí ọrùn òmíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í tán síbẹ̀, àti ohun tí ẹni tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ lè ṣe kó tó di pé ó gbé èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ lọ sọ́jà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá bàbá mi ń sìn wọ́n, èmi ni mo sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn láàárọ̀ kí n tó wọkọ̀ lọ sí kám̀páàsì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn "ìjà", ni à ń lò fún nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra wọn. Bí orúkọ wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan, ìtọ́jú ọ̀kan náà la ó máa fún wọn, bí ìgbà tí èèyàn ń lo oògùn ibà sí inú rírun.

Èkíní nínú nǹkan mẹ́ta náà ni ìjà ipò: pẹ́pẹ́yẹ méjì ń wádìí èyí tó máa yà fún èkejì lọ́nà. Èkejì ni wàhálà akọ: akọ pọ̀ jù, wọ́n sì ń gun àwọn abo kan náà láìsinmi. Ẹ̀kẹta ni ìfìyàjẹ gan-an: wọn kì í jẹ́ kí ọ̀kan jẹun, kó mumi, kó sì sinmi, kódà nígbà tí kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Èkíní kò fẹ́ kí ẹ dá sí i. Èkejì kò lè tán bí ẹ kò bá dá sí i. Ẹ̀kẹta sábà máa ń ti ara èkíní jáde nígbà tí àyè kò bá gbà wọ́n tàbí tí oúnjẹ bá wà lójú kan.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ irú pẹ́pẹ́yẹ tí à ń sọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni èyí tó ní ẹran pupa wúruwùru lójú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Muscovy. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn, kí Columbus tó dé ọ̀hún ní 1492. Nínú igbó, orí igi ló máa ń sùn sí, ìdí nìyẹn tí èékánná rẹ̀ fi mú ju ti pẹ́pẹ́yẹ mìíràn lọ. Kì í pariwo "kúwá-kúwá" bíi ti inú fíìmù àwọn ọmọdé. Akọ rẹ̀ ń mí hìì-hìì bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn ni. Akọ a sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì abo ní ìwọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ wá wo bí èdè wa ṣe mọ adìyẹ tó: àkùkọ, àgbébọ̀, òròmọdìyẹ. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tirẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kò ní irú ọlá bẹ́ẹ̀. Akọ pẹ́pẹ́yẹ, abo pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó parí. Lójú tèmi, ẹ̀rí nìyí pé àlejò ni ẹyẹ yìí láàárín wa, àti pé ìmọ̀ adìyẹ la fi ń sìn ín. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjà pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe ìjà adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ ipò láàárín ẹyẹ ti wà ní kíkọ sílẹ̀ tipẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ti ń wo àwọn adìyẹ láti kékeré, ó ń kọ èyí tó ń ṣá èkejì sílẹ̀. Ní 1922, ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní èdè Jámánì. Hackordnung ni ọ̀rọ̀ tó di gbajúmọ̀ láti inú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn mọfọ́lọ́jì, ẹ wò ó: Ordnung ni ètò, hacken, tó ṣáájú rẹ̀, ni kí ẹyẹ fi ẹnu ṣá nǹkan, òun náà sì ni wọ́n ń lò fún kí èèyàn fi àáké la igi. Ó bá "ṣá" tiwa mu dáadáa, èyí tí èèyàn ń fi àdá ṣe, tí adìyẹ sì ń fi ẹnu ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu pẹ́pẹ́yẹ pẹlẹbẹ. Kò lè ṣá. Ohun tó lè ṣe ni kó fi ẹnu gbá ìyẹ́ tàbí awọ mú, kó fà á, kó sì yí i. Nítorí náà, n kò ní í túmọ̀ ọ̀rọ̀ ará Jámánì yìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Ètò ta-ní-ṣáájú" ni màá máa pè é.

Ohun tí Schjelderup-Ebbe rí tó wúlò fún wa ni pé lẹ́yìn tí ẹyẹ méjì bá ti jà lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀kan borí, wọn kì í sábà tún un jà. Èyí tó pàdánù á kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá rí èkejì. Ètò náà ló ń dín ìjà kù. Ó tún rí i pé ètò yìí kì í fìgbà gbogbo tò bí àkàbà: ó lè jẹ́ pé A borí B, B borí D, síbẹ̀ kí D máa lé A kiri. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, mo rí irú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa.

Àwa Yorùbá kò ní í rí èyí bí ohun àjèjì. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí jiyàn nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women (1997), pé ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó kẹ́yìn ni òpó tó gbé àjọgbé wa ró, kì í ṣe akọ tàbí abo. "Ẹ" àti "o" tí à ń lò lójoojúmọ́ tó ẹ̀rí. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni wọ́n fi ń ka ipò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyàwó tuntun fi ń fún àwọn ọmọ kéékèèké tó bá nínú ilé lórúkọ àpọ́nlé. Pẹ́pẹ́yẹ tuntun náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì. Ẹni tó ṣáájú rẹ láyé ṣáájú rẹ títí láé ni, bó rìnrìn àjò ọdún mẹ́wàá tó padà dé. Pẹ́pẹ́yẹ kò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bí àlejò ló máa rí nígbà tó bá padà, yóò sì tún ipò rẹ̀ jà. Èyí lè ṣàkóbá, ó sì lè ṣàǹfààní, ọwọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n ló kù sí.

Mo pinnu láti fi ojú ẹ̀kọ́ wo àwọn tiwa. Wọ́n jẹ́ 11: akọ mẹ́ta, abo mẹ́jọ. Mo so àkísà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kò fún wọn, kò sì tú, mo sì ya tábìlì sínú ìwé bí ìgbà tí a bá ń kó dátà jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ní àárọ̀ mẹ́wàá tẹ̀ léra, nígbà tí wọ́n bá ń jẹ èèrí ọkà, mo ń sàmì sí ẹni tó yà fún ẹni. N kò ka ìjà. Ìyàsọ́nà ni mo kà. Ẹni tó bá ń ka ìjà nìkan yóò rò pé alágídí ni ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ abo tó wà lókè pátápátá lọ́dọ̀ tiwa kò gé ẹnikẹ́ni jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà. Ó kàn ń na ọrùn síwájú ni, wọ́n á sì fàyè sílẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ni wọ́n ń gé ara wọn jẹ, torí àwọn ni ipò wọn kò dá wọn lójú.

Abo kan wà láàárín wọn tí orí rẹ̀ funfun. Òun ni ọrùn rẹ̀ pá jù, ojú rẹ̀ kan sì ti wú. Òun náà ni ìyá àgbà ti pinnu láti tà. Gbogbo ilé ló gbà pé òun ló kéré jù nínú wọn. Tábìlì mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Olórí-funfun ló wà nípò kẹta nínú abo mẹ́jọ. Márùn-ún ló ń yà fún un. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, kò ní ojú ọgbẹ́ kankan lára. Rírù ló ru, nítorí pé ẹ̀yìn gbogbo ayé ló ń jẹun. Ta ló wá ń ṣe Olórí-funfun léṣe? Mo fi ìrọ̀lẹ́ méjì jókòó tì wọ́n. Àwọn akọ ni.

Bí akọ pẹ́pẹ́yẹ bá fẹ́ gun abo, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa dúró lé, á sì fi ẹnu gbá ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Ẹ rántí ìwọ̀n rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí akọ bá pọ̀, wọn kì í pín abo ní dọ́gbadọ́gba. Abo kan tàbí méjì tó wù wọ́n ni gbogbo wọn á dojú kọ, ọ̀kan kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí èkejì ti ń dúró. Ìyẹ́ á já, awọ á là, eṣinṣin á sì bà lé e. Bó bá jẹ́ inú omi ni, wọ́n lè tẹ abo náà rì títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀. Àgbò méjì kì í mumi nínú kòtò kan, ṣùgbọ́n akọ pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta lè jọ pa abo kan.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi ara yín bí ẹ bá rí ọrùn tó pá kì í ṣe "ta ló kéré jù?" bí kò ṣe "akọ mélòó ni mo ní?" Akọ kan sí abo mẹ́rin tàbí márùn-ún ni òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ ń lò. Tiwa jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un fún àwọn tó ń sin adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹyẹ ayé, àkùkọ pẹ̀lú wọn, kò ní nǹkan ọkùnrin tó ń yọ síta. Pẹ́pẹ́yẹ ní. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Patricia Brennan àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wọn ti irú pẹ́pẹ́yẹ tiwa yìí gan-an: ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó lọ́ bí okùn, kò sì gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó yọ tán. Ara àgbébọ̀ kò rọrùn fún irú èyí. Akọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò rí abo rẹ̀ tó lè yíjú sí àgbébọ̀, ó sì lè ṣe é léṣe tó máa kú. Bí àgbébọ̀ yín bá ń kú láìsí àrùn tí ẹ rí, ẹ wo ẹni tí wọ́n jọ ń sùn.

Mo sọ ohun tí mo rí fún ìyá àgbà. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín.

"Àṣàkẹ́, ṣé ìwé tí wọ́n ní kí o lọ kà nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta Olórí-funfun. Akọ méjì ni kí ẹ tà."

"Akọ ló ń pawó. Bí mo bá ta akọ báyìí, kí ni mo fẹ́ tà ní Kérésì?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Akọ tóbi, owó rẹ̀ sì ń lé sí i bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba àgbàlagbà nímọ̀ràn lórí ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹran náà wà fún. Pẹ́pẹ́yẹ ìyá àgbà kì í ṣe ohun ìṣeré. Wọ́n ń fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ohun tí a wá fẹnu kò sí ni pé kí a ya akọ méjì sọ́tọ̀ títí di oṣù Kejìlá. A fi páànù àlòkù àti nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Akọ tó wà láàárín ara wọn nìkan, tí wọn kò rí abo du, kì í sábà jà púpọ̀. Àwọn méjì náà pariwo hìì-hìì fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n gbájú mọ́ jíjẹ. Akọ kan tó kù fún abo mẹ́jọ kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù.

Ní ti Olórí-funfun, omi iyọ̀ ni mo fi ń wẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀: ṣíbí kékeré kan nínú omi ọ̀rá kan tí a ti sè tó sì ti tutù. Mo ń wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ nítorí ìdin, pàápàá nígbà òjò. Ojú tó wú fẹ́ omi tó jìn tó kí pẹ́pẹ́yẹ lè ri orí bọ̀ ọ́, nítorí bí wọ́n ṣe ń fọ ojú àti ihò imú wọn nìyẹn. Abọ́ pẹrẹsẹ tí adìyẹ ń lò kò tó. Bí wíwú náà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tàbí tí ọgbẹ́ bá jìn, dókítà ẹran ló kàn. N kò gbé e jìnnà sí àwọn yòókù. Inú àgò ńlá ni mo fi í sí ní àárín ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń rí i tí òun náà ń rí wọn, kí ipò rẹ̀ má bàa sọnù. Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ òfínràn sílẹ̀, òdìkejì èyí ni kó ṣe. Bí abo kan bá ń lé gbogbo ilé kiri láìnídìí, ẹ má ṣe yọ àwọn tó ń lé. Òun ni kí ẹ yọ. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọn kò ti ní í rí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó bá máa padà, àwọn yòókù á ti tún ara wọn tò, ìsàlẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ìdí kan náà yìí ni títa èyí tó wà nísàlẹ̀ kò fi lè wo ohunkóhun sàn: ìsàlẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí i.

Wàyí o, Alámì-dúdú tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Òun kò ní ọgbẹ́, ebi ló ń pa á. Ojútùú tirẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Abọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo la ní tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ti dúró tì í ti jọba. A sọ ọ́ di mẹ́ta, a gbé wọn jìnnà síra débi pé ẹni tó wà nídìí ọ̀kan kò lè na ọrùn dé èkejì. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn igi ọsàn, níbi tí ojú àwọn tó wà nídìí àkọ́kọ́ kò dé. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe. Ẹni tí wọ́n ń lé nílò ibi tó lè sá pamọ́ sí. Igi, búlọ́ọ̀kù tí a tò, páànù tí a fi dábùú, gbogbo rẹ̀ ló dára. Igun tí kò ní ọ̀nà àbájáde ni kò dára, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ká a mọ́. A pín omi náà bákan náà: táyà àlòkù tí a là sí méjì di agbada omi méjì.

Àyè ìsùn náà ṣe kókó. Ó kéré tán, kí pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn àti méjì ní fífẹ̀ nínú ilé, kí ìta sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin irú pẹ́pẹ́yẹ yìí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún sínú ilé kan ní Yúróòpù, fífa ìyẹ́ ara wọn tu àti jíjẹ ẹran ara wọn di ìṣòro tó burú débi pé wọ́n ń gé ṣóńṣó ẹnu wọn. Ní Ẹdúnàbọ̀n níbi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń rìn láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú gọ́tà, a kì í sábà rí irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun ń fi ògiri yí ilé wọn ká, wọ́n sì ń há pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Àwọn wọ̀nyí ni kí wọ́n ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá ra pẹ́pẹ́yẹ tuntun, ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ sáàárín àwọn àgbà lọ́jọ́ náà. Ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, nítorí àrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n máa jẹun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹ bá lè ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sàn ju ẹyọ kan lọ, torí ìyà tí wọ́n bá máa fi jẹ àlejò á pín sí méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa tú wọn pọ̀, ìta gbangba ni kó jẹ́, kì í ṣe inú ilé ìsùn. Ìjà yóò wà. Wọ́n á fi àyà gbá àyà, wọ́n á fi apá lu ara wọn, wọ́n á gbá ìyẹ́ mú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan sá tí èkejì sì dáwọ́ dúró, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá sá tí èkejì kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ tún gbé nẹ́ẹ̀tì padà.

Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ wà ní ọ̀tọ̀. Akọ lè tẹ̀ wọ́n pa, abo tó ní ọmọ tirẹ̀ sì lè gé ọmọ olórogún rẹ̀ jẹ títí yóò fi kú. Ẹ ya ìyá àti ọmọ sọ́tọ̀ títí wọn yóò fi lágbára tó láti sá. Ẹ sì ṣọ́ra fún oúnjẹ òròmọdìyẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré nílò fítámì tí wọ́n ń pè ní niacin ju òròmọdìyẹ lọ. Bí kò bá rí i tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, yóò máa fi ìdí wọ́lẹ̀, èyí tó bá sì ń wọ́lẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gùn mọ́lẹ̀. Ohun tí a pè ní ìfìyàjẹ nígbà mìíràn, àìjẹun-re-kánú ló bí i. Ẹ̀pà lílọ̀ tàbí yíìsì díẹ̀ nínú oúnjẹ wọn ń ṣèrànwọ́.

Abo tó ń sàba náà ń fẹ́ àyè tirẹ̀. Ọjọ́ 35 ni irú tiwa yìí fi ń sàba, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ju ti adìyẹ lọ. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ló ń dìde lójúmọ́ láti jẹun, mumi, kó sì wẹ̀, pẹ̀lú ìkanra ni yóò sì jáde, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, á máa lé ẹni tí kò lé e. Ẹ má ṣe kà á sí òfínràn, kí ẹ má sì gbé e kúrò. Ẹ gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn ni.

Láti ìgbà tí a ti ya àwọn akọ méjì sọ́tọ̀, Alámì-dúdú ti ń sanra díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn igi ọsàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo abo méje yòókù ló ṣì ń yà fún. Ìyẹ́ tuntun ti hù bo ọrùn Olórí-funfun, ojú rẹ̀ sì ti sọ̀. Ìyá àgbà ti fi èyí tó tóbi jù nínú àwọn akọ ọgbà ṣèlérí fún ẹnì kan fún Kérésì, wọ́n sì ti gba owó ìdákọ́mú. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Olórí-funfun jókòó lé ẹyin 13 nínú agbọ̀n àlòkù kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Mo ti fi páànù dí iwájú rẹ̀, mo fi ẹnu ọ̀nà kékeré kan sílẹ̀, mo sì ti ń sàmì sí kàlẹ́ńdà.